PSP kò gba fídíò mi: ìbéèrè tí wọ́n ń gbé wá bá mi n'Ílọrin, àti ìdáhùn mi

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ní PSP, ẹ̀rọ gémù alágbèéká ti Sony, lọ́wọ́, tó ti yí fídíò padà lórí kọ̀ǹpútà, tó ti kó o sórí káàdì, tí ẹ̀rọ náà sì ń wò ó níran. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbé ní Tanke ló máa ń bi mí jù, àwọn òbí tó fẹ́ kó ọmọ rìnrìn àjò ló tẹ̀lé wọn. Bí wọ́n ṣe ń béèrè ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, MP4 ni mo fi sí i o. Kí ló dé tó fi ń kọ "Unsupported Data"?

Àpò lásán ni MP4. Oríṣi ìlànà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ ló ń wà nínú rẹ̀: H.264 lè wà níbẹ̀, H.265 lè wà níbẹ̀, MPEG-4 àtijọ́ náà lè wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ lè jẹ́ AAC, ó sì lè jẹ́ AC-3 tí wọ́n yọ látinú DVD. Ìgò tí wọ́n kọ "òróró" sí lára, kẹrosíìnì lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i gbóòórùn ló máa mọ̀. PSP kì í gba orúkọ fáìlì gbọ́, inú rẹ̀ ló máa ń yẹ̀ wò, bí ohun tó bá níbẹ̀ bá ti ju agbára rẹ̀, kò ní ṣí i. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ orúkọ láti .mkv sí .mp4 kò fi lè ṣe yín lóore kankan. Orúkọ lẹ pààrọ̀, ẹ kò yí nǹkan kan padà.

Ẹ wo ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni PSP kọ́kọ́ jáde ní Japan, ọdún 2011 ni irú rẹ̀ tó kẹ́yìn, ìyẹn E1000, sì dé. Ọdún 2013 ni H.265 tó parí. Òun ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀nù fi ń ya fídíò báyìí, òun náà ló sì kún inú àwọn fíìmù tí ẹ ń gbà lórí Telegram. Kò sí bí ẹ̀rọ 2004 ṣe máa mọ èdè tí wọn ò tíì dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú fáìlì kan, ẹ fi VLC ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ Ctrl àti J pa pọ̀. Ibi tí wọ́n kọ "Codec" sí ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá rí HEVC níbẹ̀, H.265 nìyẹn, ẹ ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Kí wá ni PSP ń gbà gan-an?

Fún àwòrán, H.264 tí wọ́n tún ń pè ní AVC, ní Baseline tàbí Main Profile (Profile ni ìwọ̀n ọgbọ́n ìfúnpọ̀ tí H.264 lò). Kò gba High Profile rárá. Bí ẹ kò bá sì yan ohunkóhun, High ni ọ̀pọ̀ sọ́fíwia máa fi ṣe é fúnra wọn, láìsọ fún yín. Nínú gbogbo fáìlì tí wọ́n gbé wá bá mi tí H.264 wà nínú rẹ̀ tí PSP ṣì kọ̀ ọ́, High Profile ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Fún ohùn, AAC, sítẹ́rió, 48 kHz. Ohùn 5.1 ti sinimá kò wọlé, ẹ sọ ọ́ di sítẹ́rió.

Ojú PSP jẹ́ 480×272. Látìgbà tí system software 3.30, ìyẹn sọ́fíwia tó ń darí PSP fúnra rẹ̀, ti jáde lọ́dún 2007 ló ti lè ṣí fídíò tó tó 720×480, ṣùgbọ́n ojú tó kéré yẹn náà lẹ máa fi wò ó, àyàfi tí ẹ bá ní PSP-2000 tàbí 3000 tí ẹ fẹ́ fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo gba yín nímọ̀ràn 480×272. Káàdì yín á gba púpọ̀ sí i, ojú yín kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Ti PSP yín bá jẹ́ tòkúnbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ lọ sí Settings, System Settings, System Information, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Èyí tó bá kéré sí 3.30 kò ní gba 480×272 tí ẹ fúnra yín ṣe. 6.61 ló kẹ́yìn nínú wọn.

Ẹ ṣáà sọ ohun tí mo máa tẹ̀. Mo ń lo HandBrake.

Ó dáa, sọ́fíwia tó ń yí fídíò padà nìyẹn. Ẹ mú "Fast 480p30" kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí Format jẹ́ MP4. Ní Dimensions, ẹ sọ ọ́ di 480 fún fífẹ̀ àti 272 fún gíga, kí Anamorphic jẹ́ None. Ní Video, ẹ yan H.264 (x264), Framerate 29.97, kí ẹ sì tẹ Constant, kì í ṣe Peak. Profile: Main. Level: 3.0. Bitrate, ìyẹn iye dátà tí ìṣẹ́jú-àáyá kan ń gbà: 700. Ní Audio, AAC, Stereo, 48, 128. Àlàfo kan wà ní Video fún àfikún àṣẹ. Ẹ kọ èyí sí i:

ref=3:weightp=0:b-pyramid=none

Ìlà yìí ń dín ọgbọ́n ìfúnpọ̀ mẹ́ta kù, èyí tí x264 (sọ́fíwia tó ń ṣe H.264) máa ń lò kí fáìlì lè kéré. PSP kò lè bá wọn rìn dáadáa. Ẹlòmíràn kò kọ ọ́ rárá, tí fídíò rẹ̀ sì ṣí. Èmi ń kọ ọ́, torí ìlà kan ṣoṣo ni.

Kọ̀ǹpútà mi kò lágbára, HandBrake ń dá a kúnlẹ̀.

Ẹ lo FFmpeg. Kò ní bọ́tìnì, kò ní àwòrán, àṣẹ lẹ máa kọ sí i nínú fèrèsé dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt. Iṣẹ́ ìyípadà fúnra rẹ̀ kò ní fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹrù mìíràn lórí kọ̀ǹpútà. Ó tún mọ PSP lórúkọ: ẹ wo "-f psp" ní ìparí àṣẹ yìí.

ffmpeg -i fiimu.mkv -vf "scale=480:272:force_original_aspect_ratio=decrease,pad=480:272:(ow-iw)/2:(oh-ih)/2,setsar=1" -r 29.97 -c:v libx264 -profile:v main -level 3.0 -pix_fmt yuv420p -b:v 700k -x264-params "ref=3:weightp=0:b-pyramid=none" -c:a aac -b:a 128k -ar 48000 -ac 2 -f psp fiimu.mp4

Ẹ dà á kọ bó ṣe wà, orúkọ fáìlì yín nìkan lẹ máa fi rọ́pò fiimu.mkv. Apá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "scale" ń dín àwòrán kù láìfà á gùn, "pad" sì ń fi dúdú kún ibi tó bá ṣẹ́ kù. "yuv420p" ló ń gba fídíò 10-bit là, irú tí wọ́n fi ń ṣe kàtúùnù Japan tí àwọn ọmọ Tanke fẹ́ràn bí ojú. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, irú fídíò bẹ́ẹ̀ kò ní ṣí lórí PSP títí láé.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. PSP ní kò sí fídíò kankan níbẹ̀.

Ẹ kó o sí fóódà tí kò yẹ ni. Bí ẹ bá ṣí káàdì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí fóódà kan tó ń jẹ́ PSP. Ibẹ̀ kọ́! Gémù ló wà fún. Fóódà VIDEO gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Tí kò bá sí, ẹ dá a sílẹ̀ fúnra yín, kí ẹ ju fáìlì sínú rẹ̀ tààrà.

Àwọn PSP tó ṣì ń lo system software àtijọ́ gan-an ní ìlànà tó le ju ìyẹn lọ: MP_ROOT, kí 100MNV01 wà nínú rẹ̀ fún MPEG-4 tàbí 100ANV01 fún AVC, kí orúkọ fáìlì sì jẹ́ bíi M4V00001.MP4 tàbí MAQ00001.MP4. Bí ẹ bá rí àlàyé yìí níbì kan tó ń dà yín lójú rú, ẹ fi sílẹ̀, ẹ mú PSP yín dé 6.61, kí ẹ lo VIDEO.

Orúkọ fáìlì: lẹ́tà lásán, láìsí àmì ohùn, láìsí ìlà, láìgùn.

"Corrupted Data" ló kọ sí tèmi.

Èyí yàtọ̀ sí ti òkè, káàdì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Iná kékeré kan wà lápá òsì PSP tó máa ń ṣẹ́jú bí ẹ̀rọ bá ń kà tàbí tó ń kọ nǹkan sórí káàdì. Ẹni tó bá fa okùn USB yọ nígbà tí iná yẹn ṣì ń ṣẹ́jú ti gé fáìlì rẹ̀ sí méjì. Ẹ tẹ Eject lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dúró kí iná náà sinmi, kí ẹ tẹ bọ́tìnì róbótó tó wà lára PSP, kẹ́ ẹ tó yọ okùn.

Bí ẹ bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò sì yéé kọ ọ́, ayédèrú káàdì lẹ rà. Memory Stick PRO Duo, irú káàdì tí PSP ń lò, wà lára káàdì tí àwọn ayédèrú fẹ́ràn jù láyé. Wọ́n á kọ 16GB sí i lára, fídíò àkọ́kọ́ á ṣí dáadáa, ti kejì á ṣí, ohun tí ẹ bá wá kó sí i lẹ́yìn tí ààyè rẹ̀ gangan ti kún á máa bàjẹ́. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á fún yín, yálà ní Táíwò tàbí níbòmíràn, ẹ kó nǹkan kún un títí dé etí, kí ẹ ṣí èyí tẹ́ ẹ kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá káàdì rẹ̀ padà fún un.

Ohun tí èmi ń lò ni àdápítọ̀ tí wọ́n ń ki microSD bọ̀. Kò wọ́n, ẹ sì lè ki káàdì fọ́ọ̀nù gidi sí i. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ̀ ọ́, PSP fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ́máàtì rẹ̀: Settings, System Settings, Format Memory Stick. FAT32 ni PSP mọ̀. Lórí FAT32, kò sí fáìlì kan tó gbọ́dọ̀ tó 4GB. Ẹni tó ń lo 480×272 kò lè débẹ̀ láé.

Bàbá mi ní sinimá Yorùbá lórí CD, pátì kìíní àti pátì kejì. Ṣé a lè kó o wọlé?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sinimá wọ̀nyẹn kò sí lórí YouTube, kò sí lórí DVD, àwo CD tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan nìkan ló kù.

VCD ni wọ́n. Ẹ ki àwo náà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí fóódà MPEGAV, ẹ máa rí AVSEQ01.DAT tàbí orúkọ tó jọ ọ́. Fáìlì ńlá yẹn ni sinimá náà. MPEG-1 ló wà nínú rẹ̀, 352×288, àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ kó o sórí kọ̀ǹpútà ná, ẹ má ṣe yí i padà láti orí àwo tààrà, torí àwo tí ara rẹ̀ ti họ á máa dá iṣẹ́ náà dúró láàárín méjì.

Bí ó bá dúró pẹ̀lú àròyé nípa "cyclic redundancy check", eruku tàbí ojú ibi tó họ ló ń bá jà. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nù ún láti àárín bọ̀ sí etí, ní tààrà. Ẹ má nù ún yípo, torí ibi tó bá họ yípo lójú àwo ń ba púpọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ kò sì ní rí ibi tó máa dì mú. Bí kọ̀ǹpútà kan kò bá kà á, ẹ gbìyànjú òmíràn. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ka CD yàtọ̀ síra wọn gidigidi, àwọn ti àtijọ́ sì máa ń ní sùúrù jù.

Ní ti ìyípadà, ohun kan máa ń tan ènìyàn jẹ. Bó tilẹ̀ jẹ́ 352×288, ìrísí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ kó ní, 4:3. Bí ẹ bá lo àṣẹ FFmpeg tòkè yẹn bó ṣe wà, ojú àwọn òṣèré á tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi èyí rọ́pò apá "-vf":

-vf "scale=364:272,pad=480:272:58:0,setsar=1"

Kí bitrate jẹ́ 450k. VCD fúnra rẹ̀ kò ní àwòrán tó dán débi tí ẹ ó fi 700k pamọ́ fún un. Bí ẹ bá ti parí, ẹ má pa fáìlì .DAT náà rẹ́. Bí àwo bá bàjẹ́ pátápátá lọ́la, òun ló kù. Fún ilé yín ni o. Ẹni tó bá fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ tà ní Ọjà Ọba, kó má bi mí ní ìbéèrè.

Ìwé tó ń sáré nísàlẹ̀ fídíò kò hàn lórí PSP.

PSP kì í ka fáìlì .srt, èyí tí ìwé náà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sun ún mọ́ àwòrán. Nínú HandBrake, ẹ tẹ "Burn In" ní Subtitles. Nínú FFmpeg, ẹ fi èyí kún ìparí "-vf", lẹ́yìn setsar=1, pẹ̀lú kọ́mà láàárín:

subtitles=oro.srt:force_style='FontName=DejaVu Sans,FontSize=24'

Ojú PSP kéré. Ìwé tó bá dára lórí lápútọ́ọ̀pù á di èèrà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi 24 sí i.

Ẹni tó bá ń kọ ìtumọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, kó ṣọ́ra. Tí ẹ bá rí "áº¹" níbi tó yẹ kẹ́ ẹ ti rí "ẹ", ẹni kan ti fi ìlànà tí kì í ṣe UTF-8 ka fáìlì náà. Ẹ ṣí i nínú Notepad, Save As, kí Encoding jẹ́ UTF-8. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré dípò lẹ́tà, fọ́ńtì ló ṣàìní ẹ, ọ àti ṣ. DejaVu Sans ní wọn, Noto Sans náà ní wọn. Mo máa ń rí àwọn tó ń yọ gbogbo àmì kúrò kó lè rọrùn, mi ò sì fara mọ́ ọn: "oko" kan ṣoṣo nísàlẹ̀ fídíò, ọkọ ni àbí oko, ọkọ̀ ni àbí ọkọ́?

Fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi ni, fọ́ọ̀nù ni wọ́n fi yà á, ó wá dúró gbọọrọ láàárín ojú PSP.

Wọ́n gbé fọ́ọ̀nù dúró yà á ni. 1080×1920 tó bá wọ inú ojú tó ga ní 272, fífẹ̀ rẹ̀ kò ní ju 153 lọ. Bí ẹ bá gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè fẹ̀, gèlè ìyàwó lẹ máa kọ́kọ́ gé.

Ọ̀nà tó dáa jù ni kẹ́ ẹ dá fídíò náà dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé PSP dúró bẹ́ ẹ ṣe ń gbé fọ́ọ̀nù. Ẹ fi "transpose=1," síwájú "scale" nínú àṣẹ FFmpeg. Bí orí bá wà níbi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà, ẹ sọ 1 di 2. Gbogbo ojú PSP á kún dẹ́múdẹ́mú.

Ẹ má sì gba irú fídíò bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp lásán. WhatsApp ti fún un pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin náà á tún fún un, òkúta tó wà lára léèsì á wá di ẹrẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó yà á fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document.

Ohùn ti ń ṣáájú ẹnu.

Fọ́ọ̀nù ni wọ́n fi yà á, àbí? Fọ́ọ̀nù kì í ya iye àwòrán kan náà ní gbogbo ìgbà. Bí ibi tó wà bá ṣókùnkùn, yóò dín in kù. "Constant" tí mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀ nínú HandBrake, tàbí "-r 29.97" nínú FFmpeg, ló ń tún un ṣe. Láti orí ojúlówó fáìlì ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe, ẹ má yí èyí tó ti bàjẹ́ padà.

Wáàsí ni mo fẹ́ kó sí i. Mélòó ló máa gbà?

700k fún àwòrán pẹ̀lú 128k fún ohùn máa ń jẹ́ nǹkan bíi 373MB fún wákàtí kan. Fíìmù wákàtí méjì á sún mọ́ 745MB. Káàdì 4GB á gba márùn-ún.

Wáàsí kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Àlùfáà jókòó sójú kan, ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ ló ń mì. 300k àti ohùn 96k ti tó, wákàtí kan kò ní ju nǹkan bíi 178MB lọ. Òde dàdàkúàdà ni tirẹ̀ yàtọ̀: aṣọ ẹbí tó ń tàn yòò, ènìyàn ń jó, owó ń fò lójú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi 300k ṣe é, ojú fídíò á fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń náwó. Ẹ fún un ní 900k.

Báwo ni bátìrì ṣe máa pẹ́ tó? A ń lọ sí Òmù-Àrán.

PSP-1000 ní bátìrì 1800 mAh, 2000 àti 3000 ní 1200. Bí bátìrì bá ṣì dára, ẹ máa dé Ajàṣẹ́-Ìpo, ẹ máa dé Òmù-Àrán, á sì kù. Ṣùgbọ́n bátìrì tòkúnbọ̀ ti gbó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. 5V ni ihò ṣájà PSP ń gbà, nítorí náà okùn tó ní USB lápá kan àti ẹnu róbótó PSP lápá kejì á bá yín gba iná láti inú power bank nígbà tí iná ìjọba bá ti fi yín sílẹ̀ lálẹ́ àná.

Bí ẹ bá rí i pé ìdérí ẹ̀yìn kò pa dé mọ́, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má fún ọmọdé.

Fíìmù tí mo gbà sórí fọ́ọ̀nù nínú Netflix ńkọ́?

Kò ṣe é ṣe. Wọ́n tì í pa. Inú áàpù yẹn nìkan ló ti ń ṣí.

Wọ́n ní kí n "hack" PSP mi, ìyẹn kí n tú u sílẹ̀, pé á wá ṣí gbogbo nǹkan.

Lóòótọ́, áàpù kan wà tó ń jẹ́ PMPlayer Advance tó ń ṣí MKV lórí PSP tí wọ́n ti tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ kò yí padà. Fídíò 1080p kò ní tìtorí ẹ̀ sáré. Ẹ ṣì máa dín in kù, tí ẹ bá sì ti dín in kù, kí lẹ tún fẹ́ fi áàpù náà ṣe?

Àwọn ẹ̀rọ gémù alágbèéká yòókù ńkọ́?

PS Vita rọrùn jù: H.264 àti AAC náà ni, ojú rẹ̀ jẹ́ 960×544. Nintendo DS nílò káàdì àkànṣe, áàpù MoonShell àti fídíò .dpg ní 256×192, wàhálà ni. Nintendo Switch kì í ṣí fídíò yín láti orí káàdì rárá.

Mi ò ní kọ̀ǹpútà. Fọ́ọ̀nù Android nìkan ni mo ní.

Ẹ fi Termux, áàpù tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ, sórí fọ́ọ̀nù náà, ẹ kọ "pkg install ffmpeg", kẹ́ ẹ wá lo àṣẹ tó wà lókè gẹ́lẹ́. Ó máa pẹ́, fọ́ọ̀nù á sì gbóná; ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpò rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kàn án. Fún kíkó o wọlé, ẹ ra OTG kékeré, ìyẹn ẹnu tí wọ́n fi ń so okùn USB mọ́ fọ́ọ̀nù, ẹ fi okùn mini-USB so fọ́ọ̀nù mọ́ PSP, kẹ́ ẹ yan USB Connection ní Settings lórí PSP. Fọ́ọ̀nù á rí PSP bí ó ṣe máa ń rí fláàṣì. Fóódà VIDEO, lẹ́tà ńlá.